Ìbò Àwọn Ará Wigan àti Sàréè Ọkọ Mi

Mi ò jókòó, Alájì Rasheed, ẹ má fa àga fún mi, ìdúró ni mo bá wá, mo ti kí yín, ẹ káàsán, mo ti kí Shakirah ìyàwó yín lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wá jẹun, mo ní rárá, ó gbé omi wá, mo ní kó gbé e sórí tábìlì, omi náà ló wà níbẹ̀ yẹn, mi ò sì ní fẹnu kàn án títí ẹ ó fi dá mi lóhùn, torí Moss Side ni mo ti wá, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ tréènì, nínú òtútù Dìsẹ́ńbà ìlú òyìnbó yìí, mo fi Akínlóyè ọkọ mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí họ́sípítù gbé wá sí pálọ̀ wa, mo ní kí Ìyanuolúwa ọmọ wa jókòó tì í, kí n lè wá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé lóòótọ́ ni pé Reuben lẹ fẹ́ dìbò fún ní Sátidé?

Ilẹ̀ lẹ ń wò. Ẹ máa wò ó dáadáa, Alájì, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ni mo bá wá.

Ta ló wọlé? Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Mẹ́kà dé, ẹ̀yin tí ẹ kì í purọ́. Nígbà tí Àjọgbé, ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí, dìbò lóṣù tó kọjá, ta ni àwọn ènìyàn yàn? Ṣé kì í ṣe Olúfúnlọ́lá ni? Ẹ kà wọ́n láti Moss Side dé Swinton, ẹ kà wọ́n dé Wigan níbí, ẹ kà wọ́n lórí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ọmọ adìyẹ, Fúnlọ́lá fi ọgọ́rin ènìyàn ju Reuben lọ. Ọgọ́rin! Àwọn tó bímọ, àwọn tó kúrò níbi iṣẹ́, àwọn tó gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wá! Kí wá ló dé tí Reuben ń rìn káàkiri bí ọkọ ìyàwó, tó ń sọ pé òun ni ààrẹ tuntun? Wọ́n ní Moss Side ní aṣojú márùn-ún, Swinton ní mẹ́ta, Wigan ní mẹ́ta tí ẹ̀yin náà wà nínú wọn, àwọn aṣojú ni yóò yan ààrẹ ní Sátidé, ẹ̀ka tí èèyàn bá ti borí, bó ṣe ẹyọ ìbò kan ló fi borí, gbogbo aṣojú ibẹ̀ di tirẹ̀ pátápátá. Fúnlọ́lá kó gbogbo Moss Side, wọ́n fún un ní márùn-ún. Reuben fi ìbò díẹ̀ borí ní Swinton, ó fi ìbò mẹ́ta, mẹ́ta péré, Alájì, borí ní Wigan yín yìí, wọ́n fún un ní mẹ́fà. Mẹ́fà ju márùn-ún lọ, ó parí. Ọgọ́rin èèyàn di afẹ́fẹ́!

Ohun tó ṣe Amẹ́ríkà náà ló ṣe wá. Ẹ̀yin náà rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin yẹn fi ìbò tó lé ní mílíọ̀nù méjì ju ọkùnrin yẹn lọ, ọkùnrin yẹn ló sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti wọ Ilé Ààrẹ. Ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe pòṣé, bí a ṣe rẹ́rìn-ín, tí a ní òyìnbó wọ̀nyí mà gọ̀ o, èèyàn á ka ìbò tán, á wá dà á nù. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e gan-an làwa náà dìbò tiwa. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa tó fi bú lé wa lórí.

Lóṣù kẹfà ọdún yìí, nígbà tí wọ́n dìbò pé kí ìlú yìí kúrò nínú Yúróòpù, ṣebí gbogbo wa la lọ? Wigan ní kí wọ́n kúrò, Moss Side ní rárá, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n kà á lórí-lórí, àwa pàdánù. Mo sunkún bí? Mo pariwo bí? Mo gba kádàrá. Torí orí ni wọ́n kà! Ẹni tí wọ́n bá fi orí ènìyàn borí rẹ̀, ó lè sùn. Ẹni tí wọ́n fi ìṣirò borí rẹ̀ ńkọ́?

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ má sọ ọ́, mo ti gbọ́ ọ kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ fẹ́ bi mí pé ta ló kó òfin Amẹ́ríkà wọ inú ẹgbẹ́ wa.

Ọkọ mi ni! Ṣé mo sọ pé kì í ṣe òun ni? Ọdún 2000, tí wọ́n ń fa ìbò Flórídà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Akínlóyè ò kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ á tutù, á mú ìwé, á máa fa ìlà, á ní, Mosún, wá wò ó, wá wo bí ìpínlẹ̀ kan ṣe lè di gbogbo ìlú mú. Mo ní kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá, àṣé ó kàn wá. Wigan níbí la ń gbé nígbà yẹn, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní wíàháọ̀sì yẹn, ẹ jọ ń gbé páálí, ẹ jọ ń ráhùn. Ẹ ní Moss Side ló ń jẹ gàba lórí ẹgbẹ́, pé ohun tí Moss Side bá ti sọ abẹ gé, pé àpèjẹ Kérésì, Moss Side, ìpàdé, Moss Side, ẹni tó bá ń gbé Wigan bí ọmọ àlè ló rí. Òun ló wá dìde nípàdé gbogbogbòò, ó ní ẹ̀ka kékeré náà gbọ́dọ̀ lẹ́nu, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà rèé. Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un? Ẹ sọ ọ́. Ta ló ń pariwo pé Akin, o ṣeun, Wigan ti di èèyàn?

Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, wọ́n ní. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó bímọ ọ̀ràn náà lọmọ ọ̀ràn ó sin sílẹ̀ onílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Reuben fẹ́ ṣe, bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí Àjọgbé ti wà, tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ ló ń gbé e relé. Ẹgbẹ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ìgbókùúsí, ẹgbẹ́ ló ń wá ààyè fún pósí nínú ọkọ̀ òfurufú, àwọn èèyàn ẹgbẹ́ tó wà l'Ékòó ló ń dúró dè é ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, tí wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ìyókù ìrẹsì ni. Reuben ní tí òun bá ti wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, òun á fòpin sí i. Ó ní ẹgbẹ́ á ra ilẹ̀ ìsìnkú níbí, ẹni tó bá kú, ká sin ín síbí. Ó ní òkú tí kò bá tíì gbéra kí ọdún tó yí, ó ti di ti ibí. Ó sọ ọ́ ní gbangba, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń sọ pé wọ́n á kun ògiri.

Ọkọ mi ń kú lọ, Alájì. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹnu mi ò lè sẹ́ ẹ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti jìn, ohùn tó fi ń pàṣẹ nípàdé yẹn, mo gbọ́dọ̀ gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ báyìí. Lójú oorun, ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó ti kú láti ìgbà tí Ìyanu wà lọ́mọ ọwọ́! Á ní, Ìyá, mò ń bọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn. Ní Ayétòrò, níwájú ilé bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá rẹ̀, àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí a lọ sílé kẹ́yìn, ó dúró lórí ẹ̀, ó ní, Mosún, ó tó mi, àbí kò tó mi? Mo gbá a lẹ́yìn, mo ní kó kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Kíà ni mí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mi ò ní ọwọ́ tí mo lè dá fi gbé òkú kọjá òkun láìsí ẹgbẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé wa, mo ní ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi, ìgbà wo? Ó ní òun ò lè sọ, ó lè jẹ́ Kérésì, ó lè di Fébúárì. Ẹ wo ohun tí ìbò yìí sọ mí dà, Alájì: nígbà tó dárúkọ Fébúárì, ọkàn mi ò dùn. Èmi ìyàwó rẹ̀! Èmi tó yẹ kí n jó pé ọkọ mi á rí ọdún tuntun, mo dúró sí kíṣìnì, mò ń rò ó lọ́kàn ara mi pé tó bá ti lè jẹ́ kí ọdún tó yí ni... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Tí mo bá ń fi ṣíbí fún un lómi báyìí, ojú mi á ti wà lára kàlẹ́ńdà ara ògiri. Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá mò ń tọ́jú rẹ̀ ni àbí mò ń dúró dè é. Òun náà a máa wò mí. Nígbà míì mo rò pé ó ti mọ ohun tó wà nínú mi.

Ta ló fi mí sínú èyí? Ìbò mẹ́ta!

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, mo mọ̀, tiyín yàtọ̀, ẹni tó kú láàárọ̀ ti wọlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ibi tí ikú bá èèyàn náà nilé rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá yín jà sí i, nígbà míì mo máa ń ní ẹ sàn jù wá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yín ní Wigan níbí ò fi rí ohun tó kàn yín nínú gbígbé òkú relé, Reuben sì mọ ibi tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ Akínlóyè. Ẹ mọ̀ pé àjò ò dùn kí onílé má relé. Ẹ máa ń sọ ọ́ fún un fúnra yín nígbà tẹ́ ẹ jọ ń gbé páálí.

Kódà Ìyanu, ọmọ tí mo fi inú mi bí! Swinton ló ń gbé, Reuben ló dìbò fún. Ó sọ ọ́ fún mi láìbojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mum, who's gonna visit him in Ayétòrò? Me?" Ó ní òun fẹ́ ibi tí òun lè wọ bọ́ọ̀sì lọ kí bàbá òun. Mi ò bú u. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo sì rí omi lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló ń kú ni? Ṣé ẹni tó ń kú ni ká bi ní ibi tó fẹ́ sùn sí àbí ẹni tó fẹ́ gbé òdòdó wá?

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́nu, ẹ sọ ọ́ síta kí Shakirah náà gbọ́. Ẹ ní èmi ni mo kó àwọn ará Wigan lọ dìbò ní Moss Side.

Háà! Ó dáa. Ó dáa, Alájì Rasheed, ẹ ṣeun. Ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti fún mi lọ́rùn. Àwọn tó ń gbé Wigan níbí, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Moss Side ni wọ́n ń wá, ìdílé mẹ́rin, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, mo ní ẹ má tíì lọ, ẹ dìbò níbí kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, jọ̀lọ́ọ̀fù wà nílẹ̀. Òfin ní ibi tí èèyàn bá ti dì í lọ́jọ́ náà nibẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n dì í. Gbogbo wọn ló dì í fún Fúnlọ́lá. Inú mi ń dùn! Mò ń kà wọ́n, mò ń jó! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa? Ta ló sọ fún wa rí pé ọwọ́ lè pọ̀ jù lórí àyà kan? Igbá tó ti kún ni mò ń da omi sí, èyí tó gbẹ wà níbí, ní Wigan, ìbò mẹ́ta ló kù tí kò fi kún. Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ẹ rò pé oorun ń kùn mí? Gbogbo ará Kalifóníà náà ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n dìbò títí ó fi ṣàn sílẹ̀, kí ló bá wọn rà? Èmi tí mo bá a gbé láti ìgbà tó ti ń fa ìlà lórí ìwé, tó ń ní wá wò ó, wá wò ó, mi ò lọ wò ó. Mo ní ọbẹ̀ mi ń jóná.

Ẹ má kẹ́dùn fún mi. Mi ò wá gba ìbánikẹ́dùn.

Ohun tí mo wá sọ rèé. Akínlóyè fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ṣàlàyé aṣojú yìí fún àwọn ènìyàn wa, kí ló fi wé? Ó ní afọbajẹ ni. Ẹ rántí? Ó ní ṣé gbogbo ìlú ló ń jókòó yan ọba ni, ṣebí àwọn afọbajẹ ni. Gbogbo wa mi orí, ó yé wa. Ó dáa, afọbajẹ! Ṣé afọbajẹ ò lójú ni? Ṣé afọbajẹ kì í wo ìlú, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó ní eléyìí ló wọ gbogbo ayé lọ́kàn, tàbí kó ní eléyìí máa ba ilé jẹ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ìbò ẹ̀ka náà ni yóò jáde bó ṣe wọlé, kí la fẹ́ fi èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí àga! Kí la ṣe ní kí ẹ̀yin mọ́kànlá wọ agbádá, kẹ́ ẹ jókòó yí tábìlì ká, kẹ́ ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ tó jùbò sínú àpótí, tí kì í bá ṣe pé wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú yín wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ní Amẹ́ríkà náà, Mọ́ńdé tó ń bọ̀ làwọn aṣojú tiwọn máa jókòó, àwọn èèyàn sì ń kọ̀wé sí wọn, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ẹ wo ayé, ẹ fi ojú yín wò ó. Wọ́n lè má gbọ́. Èmi ò kọ̀wé. Èmi fẹsẹ̀ mi wá.

Ẹyọ ẹnì kan péré ni, Alájì! Àwọn méjì tó kù ní Wigan, Reuben ti bá wọn mulẹ̀, mi ò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀yin nìkan. Tí ẹ bá kúrò nínú mẹ́fà, mẹ́fà di márùn-ún, márùn-ún tiwa di mẹ́fà. Ìbò inú àpótí ni, ta ló máa mọ̀? Kí ló tún kù?

Ẹ tún ti bi mí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wọlé, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Ẹ ní ṣé Akin mọ̀ pé mo wá. Ẹ má bi mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

A jọ tò sórí ìlà lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ọdún 1993, ní Muṣin, èmi àti Akínlóyè, a ò tíì pẹ́ tí a fẹ́ra. Oòrùn ń pa wá, ó ṣí agboorun lé mi lórí. Ìlà ò ya, ẹnikẹ́ni ò jà, ẹ̀yin náà ò jìnnà síbẹ̀, ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. A dìbò, wọ́n kà á, gbogbo ayé mọ ẹni tó wọlé, sójà wá dìde wọ́n ní àwọn fagi lé e. Báyẹn! Mo rí Akínlóyè lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ó jókòó sórí ìgànná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkùnrin yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé ohun tó burú jù láyé ni kí èèyàn dìbò tán, kí ẹnì kan wá dìde lẹ́yìn kó ní òun ò gbà. Kí ìbò tó ṣẹlẹ̀, ó ní, ẹ jà, ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ yí òfin padà. Tí wọ́n bá ti dì í tán lábẹ́ òfin tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí, ẹni tó bá yí i padà, sójà ni.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wò mí bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹ ti mọ ohun tó máa sọ. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó wọlé.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, kí n má bàa jẹ̀bi ẹni tó ń lọ sọ́run.

Ó mọ̀ pé mo wá. Mo ní mò ń lọ ra nǹkan, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, agbára ò sí lọ́wọ́ yẹn mọ́, bí ẹyẹ ló fúyẹ́, ó ní, Mosún, Wigan lò ń lọ. Ó ní, sọ fún Rasheed pé kó má ṣe é. Ó ní kó dìbò bí Wigan ṣe dì í. Ó ní tó bá yí i padà nítorí tòun, òun á gbọ́ ọ níbi yòówù tí wọ́n bá sin òun sí. Mo ní ìyá rẹ ńkọ́, tó o ní kí wọ́n má tilẹ̀kùn? Mo ní àyè tó o fi ẹsẹ̀ wọ̀n ńkọ́? Ó yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tó ń sunkún pé òun ò ní sùn nílé òun, tó sì ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé òun relé! Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará ilé yìí, irú èèyàn wo ni mo fẹ́?

Mo ti jẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ ọ. Shakirah, ìwọ náà gbọ́, má lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, jáde síta, kó o jẹ́rìí mi pé mo jẹ́ ẹ bó ṣe rán mi, mi ò yọ ọ̀kankan.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní iṣẹ́ tèmi. Iṣẹ́ tèmi ni pé kẹ́ ẹ ṣe é. Kẹ́ ẹ di sójà. Kẹ́ ẹ ṣẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ ṣẹ òfin, kẹ́ ẹ gbé ọ̀rẹ́ yín relé, èmi á ru ẹ̀bi rẹ̀, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní Mosúnmọ́lá ló ya wèrè wọ ilé yín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo ti wo ilé tèmi, orúkọ tí mo fún ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mi ò ní èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ yín. Mo kúnlẹ̀ rèé, ẹ má gbé mi dìde, ẹ yọwọ́ lára mi!

Ẹ ṣì ń mi orí. Ẹ ṣì ń mi orí pé rárá, Alájì.

Ó dáa náà. Mo ti dìde, ẹ wò ó, mo ti gbọn orúnkún mi. Mi ò bá yín jà. Mi ò ní bú yín. Kò sí èpè lẹ́nu mi. Ẹ̀rín ló ń pa mí, ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀rín ni. Ọ̀rẹ́ méjì, ọ̀kan gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ń pè é ní òtítọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni màá bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ fún mi. Tí ẹ bá ti jùbò yín fún Reuben ní Sátidé, ẹ má gba ibòmíì lọ. Ẹ wọ tréènì, ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ wá sí Moss Side, màá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín. Ẹ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ ṣe bó ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe, pé ibí ni wọ́n ó sin ín sí, nínú òjò yìí, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ í pè. Ẹ sọ ọ́ ketekete, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Kẹ́ ẹ wá wo ojú rẹ̀. Ẹ má wo ilẹ̀ o, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Torí mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ọkùnrin tí mo fẹ́. Kò ní bínú sí yín.

Shakirah, wá gbé omi rẹ, ẹnu mi ò kàn án.

Á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Alájì. Á di ọwọ́ yín mú, á dúpẹ́. Kí ọpẹ́ náà máa bá yín gbé.